Fíltà Tí Mi Ò Pààrọ̀ Ló Ba Ọjà Ìyá Dọ̀tun Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan ìyá mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe fíríìdọ́ọ̀mù níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tí mo ṣẹ̀ ló sì máa dìde lọ́jọ́ náà, tó máa jẹ́rìí sí mi pé ọmọ dáadáa ni mí.

Kíláàsì mẹ́ta ni mo ti fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀. Mo máa ń sọ pé èmi ni mo kọ ìwé. Irọ́ ni, ìwé ló kọ́kọ́ kọ̀ mí. Ìyá Dọ̀tun, tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ló bẹ ọ̀gá mi kó gbà mí. Òun ló ṣe onídùúró mi. Ó tẹ̀ka sí ìwé pé mi ò ní jalè, mi ò sì ní purọ́. Epo dísẹ̀lì ló ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà Ìkòyí-Ilé.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Láyí, dírẹ́bà tó ń kó ata àti tòmátì láti Ìkòyí-Ilé lọ sí Ọ̀yọ́, gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Tòkúnbọ̀ ni, irú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà náà. Ó ti ra fíltà epo dísẹ̀lì tuntun dání. Ọ̀gá mi ń lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀, ó wá bi mí bóyá mo mọ ibi tí fíltà ọkọ̀ náà wà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé fíltà náà lẹ ń bi mí?"

Àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Injiníà ni wọ́n ń pè mí. Injiníà tí ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé mi ò mọ̀.

Ọ̀gá lọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo píkọ́ọ̀pù tí mo mọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni fíltà wọn máa ń wà. Mi ò rí nǹkan kan. Mo fojú tẹ̀lé páìpù epo, ó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ, àmọ́ mi ò wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀: ṣòkòtò tuntun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò sì lè bi ẹnikẹ́ni mọ́, lẹ́yìn tí mo ti fọ́nnu.

Níbi iṣẹ́ wa, tá a bá pààrọ̀ nǹkan, dandan ni ká kó ògbólógbòó rẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀, kó fojú ara ẹ̀ rí i. Mo lọ sídìí òkìtì páńdukú, níbi tá a ń kó ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀ jọ sí, mo ṣa fíltà ọkọ̀ míì tó jọ tuntun yẹn, tó sì dúdú jù níbẹ̀. Mo ju tuntun sínú kòtò ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé, mo fẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Bọ̀ọ̀dá Láyí yí èyí tí mo ṣà wò. Ó ní, "Ìdọ̀tí yìí ni mo ń gbé kiri? O ṣeun, àbúrò." Ó tiẹ̀ gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, píkọ́ọ̀pù náà kú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tòun ti ẹrù. Ọjọ́ méjì ni ata àti tòmátì fi wà nínú oòrùn. Gbogbo ẹ̀ ló rà. Mẹkáníìkì kan ní Ọ̀yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ibẹ̀ ni fíltà wà. Ó ti dí pa.

Bọ̀ọ̀dá Láyí ní kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Mẹkáníìkì yẹn ní, a jẹ́ pé epo tó ń rà ni ò dáa, torí fíltà tuntun kì í dí bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sọ. Èmi ni mi ò jẹ́ kó mọ òótọ́.

Bọ̀ọ̀dá Láyí kó fíltà méjèèjì, ti Ọ̀yọ́ àti èyí tí mo fún un, ó dà wọ́n síwájú Ìyá Dọ̀tun, ẹni tó ń ra epo lọ́wọ́ ẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí wọ́n wo ohun tí ìyá yìí ń tà fún wọn. Kó tó pé oṣù kan, dírẹ́bà kankan ò yà lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ó palẹ̀ mọ́, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀gá bi mí nígbà náà bóyá mo pààrọ̀ fíltà yẹn lóòótọ́. Mo ní mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo tún búra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Dọ̀tun. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lákọ̀ọ́sórí nínú ọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ epo ọjọ́sí yẹn..."

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní, "Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi. Mo ti lọ kúnlẹ̀ bẹ Láyí. Ó ní láti jẹ́ pé mi ò fọ kẹ́ẹ̀gì yẹn dáadáa."

Mo dìde nílẹ̀, mo jókòó. Ó gbé ẹ̀bà fún mi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́: mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ní kó bù sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Tí mo bá sọ ọ́ fún ọ̀gá, ó lè má fún mi ní fíríìdọ́ọ̀mù mọ́, ọdún mẹ́rin mi lọ nìyẹn. Tí mi ò bá sọ ọ́, ìyá yẹn máa gbọ́wọ́ lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé òun ni, ṣé ọ̀gá mi ni, àbí Bọ̀ọ̀dá Láyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mi ò fẹ́ kí ìyá yẹn dàgbà, kó kú, kó ṣì máa rò pé kẹ́ẹ̀gì òun ló dọ̀tí.