Ihò Atẹ́gùn Tí Mo Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ń rà nínú mi bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pa mọ́. Àmín tí mo ṣe ní Sọ́ńdè tó kọjá ló jẹ́ kí n là á sílẹ̀ lónìí.

Bíríkìlà ni mí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mo sì ka ìwé kẹta yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó lè jinlẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi kọ́lé sí Egan, mo gba tíṣà kan àti ìyàwó ẹ̀, ọmọ Èkìtì, sí yàrá méjì níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní ká dá ihò atẹ́gùn sí lókè fèrèsé, kí ooru lè rọ́nà jáde. Mo ní ti ará àtijọ́ nìyẹn. Mo ti rí ilé olówó kan tó dí pa, tó tutù bíi fíríìjì. Ni mo bá fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò ilé mi, mo fi gíláàsì dúdú sí fèrèsé. Mo gbàgbé pé AC ló ń mú tiwọn tutù. Èmi ò ní AC. Iná gan-an, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Kúlà ìrẹsì ni mo kọ́ ṣá, mo kó èèyàn sí i.

Òjò dé, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́, ó dúdú, ó ń rùn.

Tíṣà wá bá mi. "Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, kí ló ń ṣe ògiri yìí?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń tì mí. Mo ní, "Aṣọ tútù tí madam ń sá sínú ilé ni. Obìnrin tó bá mọ́ tónítóní, ògiri ẹ̀ kì í bu."

Láràárọ̀ ni obìnrin yẹn ń fi kànìnkànìn fọ ògiri, tó ń wúkọ́. Ìyá ọkọ ẹ̀ wá kí wọn, ó fín in símú, ó ní, "Háà, ọ̀bùn lọmọ mi fẹ́!" Ìjà ò tán mọ́. Kí òjò tó dá, ìyàwó Tíṣà ti kó ẹrù ẹ̀ padà sílé bàbá ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ṣá fọ̀ ọ́ o."

Kò sẹ́ni tó ń sá aṣọ sínú ilé mọ́, ògiri wá bu dé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà ní èpè ni ìyàwó òun fi sílẹ̀. Ní Sọ́ńdè, ó mú pásítọ̀ wá, wọ́n da òróró sára ògiri. Èmi tí mo dí ihò dúró níbẹ̀, òógùn bò mí, àmín tèmi ló ròkè jù.

Lọ́jọ́ kejì mo mú òòlù, mo lu ihò kan ṣoṣo. Atẹ́gùn wọlé fẹ́ẹ́. Tíṣà na ọwọ́ sókè: "Bàbá, ẹ ò rí i? Àdúrà ti ń ṣiṣẹ́!"

Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá lu ìyókù, ògiri á gbẹ, wọ́n á ní èpè obìnrin yẹn ló já. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún Tíṣà ni, àbí kí n gba Èkìtì lọ, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá mi fọ ẹ̀ṣẹ̀ mi títí tí kò mọ́?