Ẹyin Mẹ́ta Tí Mo Fi Èékánná Ṣí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí kí ẹnu mi tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Lateefah kọ́ ló pa òròmọdìyẹ mẹ́ta yẹn. Èmi Ìsíátù, ìyá Mùnírù, ni mo pa wọ́n, ọ̀sán gangan, nínú yàrá mi ní Ìsọlọ̀. Ohun tí mo fi ẹnu ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù, ó sì ti pé oṣù méje tí mo ti ń gbé e mì.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń bá adìyẹ sàba lé ẹyin wà lórí tábìlì mi, àwọn ará àdúgbò wa, Ire-Akari, sì ń gbé ẹyin wá kí n bá wọn pa á. Lateefah, tó ń gbé yàrá kejì, ló ń bá mi yí ẹyin láàárọ̀ kó tó lọ síléeṣẹ́ ọ̀rá tó ti ń ṣiṣẹ́. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa." Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹni tó bá pè mí ní àtàtà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò bóyá ó gbé nǹkan mi pa mọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Rárá, irọ́ ni. Bí mo ṣe sọ ara mi dà nìyẹn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ẹyin méjìlá wá fún un láti Ìsẹ́yìn, a sì kó o pọ̀ mọ́ méjìlá tèmi. Mo fi bíró fa ìlà kan sára tèmi, ìlà méjì sára tirẹ̀. Tèmi kì í ṣe ẹyin lásán. Abọ́lọ́rùn ló yé e, adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ pá, tí ìyẹ́ kì í hù síbẹ̀, abọ́lọ́rùn náà sì ni àkùkọ mi. Ní ọjọ́ keje mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ gbogbo ẹyin wò. Méje nínú tèmi ò ní ọmọ nínú. Nínú tirẹ̀, ẹyọ kan péré. Mo bá jókòó ti ẹ̀rọ, mò ń rò ó. Kí ló ṣòro nínú kéèyàn fa ìlà kan sí i sára tèmi, kó sì fi itọ́ pa ọ̀kan rẹ́ lára tirẹ̀? Ta ló sì ń dá wà nídìí ẹyin nígbà tí mo bá ń kírun àárọ̀? Mi ò bi í. Mo kàn ń ṣọ́ ọ. Tó bá rẹ́rìn-ín, mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá dákẹ́, mo ní ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ẹyin mẹ́ta ti fi ẹnu lu ihò ṣáájú àwọn tó kù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìlà méjì lára. Wọ́n ń ké jẹ́jẹ́, wọn ò jáde. Lateefah dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká ràn wọ́n lọ́wọ́ ni? Mo ṣí ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ wọ́n." Mo jágbe mọ́ ọn, "Ta ní ní kó o ṣí i? Ṣé o fẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí awọ inú ẹyin gbẹ mọ́ wọn lára ni?" Ó ní, "Ẹ má bínú, kò pẹ́ rárá. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn wọ́n, àbí?" Mo rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo kọ́ ẹ? Máa lọ jàre, kí kẹ̀kẹ́ má fi ẹ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ti lu ihò ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ ara awọ wọnú ara rẹ̀, pé èèyàn gbọ́dọ̀ fún un ní odindi ọjọ́ kan kó tó ronú àtiràn án lọ́wọ́. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ni mo fẹ́ rí: tó bá pá, ẹyin tèmi ni Lateefah jí. Mo gbé àkọ́kọ́, mo sọ fún ara mi pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe, mo sì fi èékánná ṣí èèpo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀. Ti Lateefah ni lóòótọ́. Ẹni tó ní làákàyè á dúró níbẹ̀. Èmi ní bóyá èyí tó jí kọ́ nìyẹn, mo ṣí ìkejì. Ìyẹ́. Nígbà tí mo fi máa gbé ìkẹta, mi ò tilẹ̀ pè é ní ìrànlọ́wọ́ mọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọrùn rẹ̀ pá. Mo fẹ́ kí Lateefah jẹ́ olè ju bí mo ṣe fẹ́ kí ọmọ adìyẹ náà yè lọ. Ìyẹ́ ló tún bò ó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú.

Lateefah àti ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá kí wọn lọ́jọ́ náà, ló jọ wọlé wá wo òròmọdìyẹ. Ìyá náà rí ẹ̀jẹ̀. "Kí ló ṣe wọ́n?" Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ẹ bi í. Òun ló ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀. Lateefah, ọwọ́ ẹ ò gba ọmọ."

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára ọmọ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ti sunkún ìkejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń sọ ọ́, Abdulmajeed ọmọ mi ni kò gbọ́." Lateefah ò jà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ẹ fi gbogbo agbára yín ṣe é." Ó tún ń bẹ̀ mí! Mi ò mọ̀ pé oyún ìkẹta wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì ni mo tó rántí pé orí fíríìjì, níbi tó ti máa ń gbóná, ni mo kó ẹyin tèmi sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó pé méjìlá. Èmi ni mo ba ẹyin ara mi jẹ́. Mo dákẹ́. Lateefah àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ìsẹ́yìn, mo sì ní ó dìgbà.

Lánàá, Abdulmajeed ọkọ rẹ̀ pè mí. Lateefah ti bí ọkùnrin. "Ṣùgbọ́n kì í gbé e o, Ìyá Mùnírù. Tí a bá gbé e fún un, á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Màámi ló ń gbé e sí i lọ́mú. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ tùtù bá a sọ̀rọ̀, tiyín ló máa ń gbọ́."

Mi ò ní ọ̀rọ̀ tùtù. Èyí tí mo kọ yìí ni mo ní. Lọ́la màá wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn, màá sì kà á níṣojú gbogbo ilé wọn. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ bá ń fura sí ẹnìkan, ẹ bi í léèrè lójú rẹ̀, kó tó di pé ẹ ń wá ẹ̀rí nínú ohun ẹlẹ́mìí. Ìwọ Lateefah, ọwọ́ rẹ kò ṣe ẹyọ kan nínú wọn ní nǹkan kan. Kọ́kọ́ gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ, kó o gbé e mọ́ra. Lẹ́yìn náà, bó o bá fẹ́ gbá mi létí, ojú mi nìyí.