Orúkọ Ìyá Tí Mo Fa Igi Lé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlobù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará Ìfọ́n náà ń wá síbẹ̀. Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera dé, ìjọba ní àwọn arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ yóò máa gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àyè tó wà kò pọ̀. Èmi ni mò ń kọ orúkọ.

Ìyá Ìfọ́n ni mo kọ́kọ́ kọ. Wọn ò bí mi, àwọn ló tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra.

Ìyá ọkọ mi rí ìwé náà. Wọ́n ní, "Ará ìta lo fẹ́ tọ́jú, tí èmi jókòó síbí?" Wọ́n lọ́mọ mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Mo mọ̀ pé ètò náà ò sí fún irú wọn. Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà mi nílé ọkọ láìrọ́mọ bí nìyẹn, mo ń wá ojúure wọn. Mo fa igi lé orúkọ Ìyá Ìfọ́n, mo kọ ti ìyá ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lo káàdì tí wọ́n fi ń gba oògùn náà.

Nígbà tí Ìyá Ìfọ́n wá gba káàdì tiwọn, mo kúnlẹ̀, mo ní orúkọ wọn ò jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi oríkì mi pè mí.

"Àjọkẹ́, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù mí lọ ló máa bọ́ sí lọ́wọ́."

Mo ní èmi ni n ó máa ra oògùn wọn. Mo rà á fún oṣù díẹ̀, mo fà sẹ́yìn. Wọn ò béèrè. Àṣé wọ́n ń gé hóró kan sí méjì kó lè pẹ́. Aládùúgbò wọn ló sọ fún mi, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n.

Wọ́n ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń lọ wẹ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àjọkẹ́ mọ́. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, bíi pé ohùn wọn máa jáde.

Mo ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé tuntun. Àwọn ará ilé wọn ń dúpẹ́, wọ́n ní mo rántí ẹni tó tọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ń dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Ìfọ́n ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn, nígbà tí wọn ò lè bú mi, tí wọn ò sì lè sọ pé àwọn ti dárí jì mí?