Èmi Ni Mo Ba Sẹ́ẹ̀lì Rọ́fíátù Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mọ̀ pé n kò lè gbé e mọ́.

Èmi àti Rọ́fíátù jọ ń ṣe máásítà ní Ọ̀jọ́, inú láàbù kan náà la wà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gẹ̀gẹ̀, èyí tó ń mú èèyàn lọ́rùn, là ń tọ́jú sínú ìgò. A ó fa ìlà sáàárín wọn, a ó wá máa wo bí wọ́n ṣe ń rìn padà wá dí àlàfo náà, ká lè mọ oògùn tó lè dá wọn dúró.

Mo jù ú lọ, Àǹtí ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tèmi kì í pẹ́ kú. Tirẹ̀ ń gbèrú ni. Ọ̀gá wa á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yìí o!" Wọn ò pe ẹnikẹ́ni wá wo tèmi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti yìn ín, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo àwọn ọmọ mi inú ìgò yìí, mo fẹ́ lọ kírun."

Bó ṣe jáde, mo ṣí ìgò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi ìka tí mo fi ń jẹ gúgúrú kan ẹnu wọn yípo, kí kòkòrò ọwọ́ mi lè wọ inú wọn. Mo dá wọn padà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, omi inú wọn ti dàrú, ó ti pọ́n bí ìtọ̀. Rọ́fíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Jẹjẹrẹ gẹ̀gẹ̀ yẹn ló pa ìyá rẹ̀ nílùú Ìbà. Ìdí tó fi yan iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀gá pè é ní ọ̀bùn lójú gbogbo wa, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Èmi ni mo dì í mú, tí mo ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ ń ta ṣájà fóònù ní Àlàbá. Èmi fi iṣẹ́ náà gboyè, mo ti di olùkọ́ níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó fẹ́ padà wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, èmi ni mi ò ṣọ́ra nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń ṣe é báyìí tí tiyín kì í fi í bàjẹ́ mọ́."

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀. Bí mo bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá sọ, á máa fojú ọ̀bùn wo ara rẹ̀ títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá wọlé tó jókòó, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?