Mo Purọ́ Mọ́ Kọfí Bàbá Mi Kékeré

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àbúrò bàbá mi fẹ́ gé gbogbo igi kọfí wọn lulẹ̀, èmi ni mo sì fà á.

Ṣómólú ni mò ń gbé, nítòsí Fádèyí ni mo ti ń yan kọfí tà. Bàbá mi kékeré ló ń gbìn ín lábúlé wa. Wọn kì í lo oògùn, ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n ń dà sídìí igi. Wọn kì í sì í bó èso náà. Tòun tèèpo ni wọ́n ń sá a sóòrùn, kí adùn èèpo lè wọ inú kóró.

Lọ́dún tó kọjá, òjò ò jẹ́ kó gbẹ tán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n fi oòrùn parí rẹ̀. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má jẹ́ kó rí èéfín o."

Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn wo? Òjò ń rọ̀ ṣáá, oníbàárà mi ò yé pè. Inú bí mi. Mo gbé àpò mẹ́ta lọ sí Ìlàjẹ ní Bàrígà, sọ́dọ̀ àǹtí ìyàwó mi tó ń yan ẹja, mo sì tẹ́ kọfí sórí àjà tó wà lókè iná ẹja wọn. Wọ́n kìlọ̀ pé á gba òórùn ẹja. Mo ní kò séwu.

Oníbàárà mi fẹnu kàn án, ó tu ú dànù. "Ṣé ọbẹ̀ lẹ sè fún mi ni?"

Ojú tì mí. Mo pe bàbá mi kékeré, mo ní ìgbẹ́ adìẹ wọn ló bà á jẹ́. Wọn ò tiẹ̀ jiyàn! Ká ní wọ́n bú mi ni, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n tún fi iṣu ránṣẹ́ láti fi bẹ̀ mí. Mo jẹ iṣu náà tọmọ tìyàwó.

Ní báyìí, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ làwọn máa gbìn síbẹ̀. Igi tí bàbá tiwọn gbìn! Inú wọn ń bí mi, inú ara mi ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn lóòótọ́.

Àná ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn gé e, torí èmi nìkan ni mo bá àwọn sọ òótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti purọ́ mọ́ àgbà rí, gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ?