Họ́ọ̀nù Tó Lé Olùrànlọ́wọ́ Sá

Wọ́n ti dájọ́ fún mi pé kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Bí adájọ́ ṣe kà á nìyẹn, ó sì fi kún un pé kí Ọlọ́run ṣàánú fún ọkàn mi. Mo wò yíká ilé ẹjọ́ bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. Èmi kẹ̀? Èmi tí n kò gbá ènìyàn létí rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, àárín àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ni mo wà. Wọ́dà kan tó láàánú ló fún mi ní ìwé àti gègé. N kò fi ṣẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí mi o. Mo kàn fẹ́ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, torí títí di òní, bí mo bá jí láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún mi.

Ọmọ Ìlobù ni mí, bàbá mi ń dáko. Màmá Tíṣà ló kọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ó ṣe tíṣà ní Ìlobù, ó tún ṣe é ní Ìfọ́n, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kan ló bá mi níbi tí mo ti tú rédíò bàbá mi palẹ̀, tí bàbá mi ń wá pàṣán. Ó ní, "Ẹ má nà án. Ọmọ yìí, wáyà ló ń pè é." Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe iná mọ́tò, iṣẹ́ tí a ń pè ní rìwáyà.

Ọ̀gá mi mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀rọ̀ sọ. Ó máa ń sọ fún àwa ọmọṣẹ́ pé, "Aláàmù, ẹnu lásán ni. Ó ń ké síta ni. Bí aráyé bá gbọ́, tí wọ́n jáde, olè á sá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jáde, ariwo asán ni. Àmọ́ síkúrítì tó ń de ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ò ní pariwo. Á gé iná tó ń lọ síbi pọ́ọ̀ǹpù epo. Kí olè ní kọ́kọ́rọ́, kí ó lágbára bí ẹṣin, mọ́tò ò ní gbéra, àfi tí ó bá mọ ibi tí bọ́tìnnì wà." Á wá wò wá lójú lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. "Ta ló sì mọ ibẹ̀? Ẹ̀yin ni."

Ìdí nìyẹn tí ọmọṣẹ́ tó bá ń gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kan sípánà kí ó tó gbàdúrà. Ní ọjọ́ tèmi, pásítọ̀ wa wà níbẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí wa, ó ń wo òrùlé, ó sì ṣàdúrà lé e lórí. Mo fi ahọ́n kan irin, mo ní, "Ilẹ̀kùn tí mo bá bá èèyàn tì, n kò ní ṣí i fún olè." Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ìdánwò tó mú mi kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Alàgbà ìjọ kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá kí a fi aláàmù sí i. Rìmóòtù méjì ló máa ń wà nínú páálí. Mo fún un ní ọ̀kan, mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dì mọ́ ọn. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kò sí o! Ó kàn dùn mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró níta, mo tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò náà dá mi lóhùn, iná rẹ̀ ṣẹ́jú sí mi. Háà! Kọ́kọ́rọ́ tí mo ti gé pamọ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa ni mo fi ṣíná rẹ̀. Mo wà á lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kí omidan kan tó ń ṣerun níbẹ̀ lè rí mi.

"Mọ́tò ta nìyí?" ló bi mí.

"Tèmi ni o."

Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo ti gbé e padà síbi tó wà. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́, pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ẹnì kan mọ̀ ṣá. Débọ̀, tó ń ta táyà tòkúnbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, rí mi ní Ẹ̀rìn. Lọ́jọ́ kejì ó wá jókòó tì mí.

"Mọ́tò alàgbà lo gbé lánàá."

"Ó yá mi ni."

"Ó yá ọ, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ yìí! Ojú ẹ ò ṣá jọ ti olè."

Ó fi ẹ̀rín yẹn de mí mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá ń bi mí, bí ẹni ń bi mí ní orúkọ ọbẹ̀, pé, "Mọ́tò pupa tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbo lẹ fi bọ́tìnnì ẹ̀ sí?" Mo sọ fún un. Mọ́tò náà di àwátì. Ẹni tó ni ín wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún bí ọmọdé, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń ní "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi! Ọ̀gá wò mí, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wá ohun tí kò sọnù nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn a tún ṣe òmíì. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹnu lásán ni mo fi ṣe é, ọwọ́ mi mọ́.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ Màmá Tíṣà tó wà lókè òkun ra mọ́tò fún un. Ó gbé e wá bá mi tààrà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé àwọn olè ò jẹ́ kí mọ́tò sinmi mọ́ ní Òṣogbo. Ṣe tèmi ní àṣedélẹ̀."

Mo ṣe é ní àṣedélẹ̀ lóòótọ́. Ní gbogbo ayé mi, n kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó o. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n ṣíná rẹ̀ láìfi rìmóòtù ṣí i, mọ́tò náà á rìn díẹ̀, á kú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kò sóhun tó lè jí i àfi bọ́tìnnì kan tí mo fi pamọ́ sábẹ́ rọ́bà ìdí jíà. Mo ní kí Màmá wá wo ibẹ̀, ó yíjú.

"Rárá o. Má fi hàn mí. Ohun tí n kò mọ̀, olè wo ló máa fipá gbà á lẹ́nu mi? Kí ìwọ nìkan mọ̀ ọ́n. Àbí ìwọ náà máa wá jí mọ́tò mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan ṣoṣo ni n kò ṣe bó ṣe yẹ. Fèrè tó bá aláàmù náà wá kò ṣiṣẹ́, mo bá so wáyà rẹ̀ mọ́ họ́ọ̀nù mọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tipẹ́tipẹ́. Bí adìẹ bá ti bà lókùn, tí ara ò rọ okùn, tí ara ò rọ adìẹ, ìlú méjèèjì ló ní àmì kan náà: bí họ́ọ̀nù bá dún tí kò dákẹ́, wàhálà ti dé nìyẹn, kí ará oko sá wálé, kí oníkálukú tìlẹ̀kùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Họ́ọ̀nù ti lé èmi náà wọlé rí.

Kódà, Màmá ti gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó ṣílẹ̀kùn láìpa iná, họ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀ ní Ìlobù. Kí ó tó pè mí lórí fóònù, àdúgbò ti pa lọ́lọ́. Bàbá àgbàlagbà kan fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé! Nígbà tí mo dé, tí mo tẹ bọ́tìnnì, a rẹ́rìn-ín títí. Màmá wá ní, "Ọmọ mi, bá mi pààrọ̀ ohun tó ń dún yìí, kí wọ́n má baà fi mí bú." Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá, ó ti parí." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ń bọ̀, ó sì ń kọjá.

Débọ̀ ń wo mọ́tò náà ní gbogbo ìgbà tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ti ìyá yẹn ńkọ́?"

"Má dá a lábàá. Ìyá mi nìyẹn."

"Àwọn tó kù ò níyàá ni? Gbọ́, tí mo bá la ẹnu mi báyìí, Ọ̀gá ẹ á gbọ́. Màmá Tíṣà fúnra ẹ̀ á gbọ́ irú ọmọ tó tọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ọlọ́pàá kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Pé kí Màmá gbọ́ ni n kò lè fojú rí. Mo bá purọ́. Mo ní bọ́tìnnì náà wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n: níbi tí Màmá bá gbé e kalẹ̀ sí ní Òṣogbo, níbi tí họ́ọ̀nù kì í lé ènìyàn sá, ni wọ́n máa ti wá jí i, mọ́tò á kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ariwo á sọ, èèyàn á ya bò wọ́n, wọn á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. N kò bèèrè bóyá wọ́n ní ìbọn. Ta ní í bi olè bẹ́ẹ̀?

Wọn kò dúró kí ó gbé e kalẹ̀. Débọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ dá Màmá lọ́nà nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìfọ́n, níbi tó ti ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n fà á bọ́ sílẹ̀, wọ́n wa mọ́tò lọ. Mọ́tò náà rìn díẹ̀, ó kú, họ́ọ̀nù sì gba ọ̀run kan. Wọ́n wá nǹkan lábẹ́ ìjókòó, wọn kò rí i. Wọ́n sáré padà sọ́dọ̀ ìyá náà létí ọ̀nà.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù mi dún. Orúkọ Màmá Tíṣà ni mo rí. Họ́ọ̀nù yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, níbo lo fi bọ́tìnnì yẹn sí?"

Mo gbọ́ Débọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Kó sọ kíá! Kò sí nǹkan lábẹ́ ìjókòó!"

"Sọ fún wọn, ọmọ mi, kí wọ́n máa gbé e lọ. Irin ni. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n."

Ìdí jíà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Mo la ẹnu, mo sì rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, Débọ̀ á pariwo pé mo purọ́ fún òun, Màmá á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni mo rán wọn. Mo pa ìpè náà. Ó tún pè. Mo pa fóònù pátápátá.

Ọ̀gá ní, "Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni, sà."

Yéè! Ẹnu mi yìí!

Wọ́n yìnbọn pa á nígbà tí wọ́n rí i pé n kò gbé fóònù mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù, ilé ẹjọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ méjì ló wá jẹ́rìí, ọ̀kan láti Ìfọ́n, ọ̀kan láti Ìlobù. Oko ará Ìfọ́n wà lápá kan ọ̀nà, ti ará Ìlobù lápá kejì, tòsí ibi tí mọ́tò náà kú sí.

Wọ́n bi ará Ìfọ́n pé kí ló ṣe nígbà tó gbọ́ họ́ọ̀nù. Ó ní, "Mo rò pé àwọn ará Ìlobù ló ń bọ̀. Mo kó àwọn ọmọ mi, a sá."

Wọ́n bi ará Ìlobù. Ó ní, "Mo rò pé àwọn ará Ìfọ́n ni. Mo ju àdá sílẹ̀, mo sá."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún níwájú adájọ́. Màmá Tíṣà ló kọ́ àwọn méjèèjì ní ábídí. Bí ó bá ṣe pé fèrè aláàmù gidi ni mo fi sí i, wọn ì bá jáde wá. Họ́ọ̀nù tí mo so ni mo fi lé wọn sá.

Nọ́ńbà mi ló gbẹ̀yìn nínú fóònù Màmá, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Lọ́yà mi ní n kò sí níbẹ̀, pé ẹnu lásán ni mo fi ṣe é. Adájọ́ ní ẹnu yẹn ni àwọn olè náà fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Kò purọ́ mọ́ mi. Débọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ náà wà níhìn-ín. Àwa kì í bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo dúró sí nígbà tí fóònù yẹn ń dún." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì lọ. N kò tíì rí i mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má jalè. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó ti ṣe ohun ìtìjú kan, tí òtítọ́ kékeré kan yóò sì wà lẹ́nu yín tó lè gba ẹnì kan là, àmọ́ tí yóò tú yín fó. Ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n na ìka sí yín, kí wọ́n pè yín lólè lójú ẹni tó tọ́ yín. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo yan ikú. Àmọ́ kì í ṣe ikú tèmi ni mo yàn.