Ẹ Wo Iṣan Kí Ẹ Tó Mú Abẹ

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúńkà yìí, gbogbo ohun tó bá ti ṣe èèyàn nídìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ta ẹ̀jẹ̀? Jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ń ta ọ́ bí ata? Jẹ̀díjẹ̀dí. "Ó ti jẹ ṣúgà jù." Wọ́n á po àgbo, o ó mu ún, o ó ṣu títí ojú á fi wọnú. Ihò ìdí tó ti ya tẹ́lẹ̀ á wá máa ya sí i... A fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Múínátù, jókòó dáadáa. Oò lè jókòó, àbí? Ọmọ tó o bí ti ń rá báyìí, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ṣoṣo lo ṣì fi ń jókòó. Ìpara tí wọ́n fún ọ kò ràn án. Dókítà wá ní kó o wá ṣe síkáànù ihò ìdí lọ́la, o ní oò lọ, ojú ń tì ọ́. Ó dáa. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ gbọ́, obìnrin ni gbogbo yín.

Ìyá Sàfú, ìyálé ìyá mi nìyẹn, òun ló máa ń gbé orin ní asalátù. Tó bá gbé e, wọ́n á gbọ́ ọ dé Oníyanrìn, mi ò parọ́. Nǹkan yìí wá mú un. Tó bá fẹ́ yàgbẹ́, á máa sunkún bí ọmọdé. Àgbo kò ràn án. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tó ń fi abẹ tú iṣan ibẹ̀. Ó lọ, ọkùnrin náà gé e. Ṣé ó wò ó kó tó gé e? Kí ló fẹ́ fi wò ó?

Ẹ gbọ́, ìrora náà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò lè mú isó dúró mọ́. Á ṣe àlùwàlá, kó tó dé orí ẹní, ó ti bàjẹ́. Á tún òmíràn ṣe... Ó pa asalátù tì, ó pa mọ́sáláṣí tì. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé, "Ìrora lọ, àlùwàlá náà bá a lọ." Ó ṣì ń dùn mí títí di báyìí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nígbà tó wá kan èmi fúnra mi, lẹ́yìn tí bàbá yín àgbà ti kú, mo ti mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo sọ fún dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi pé, "Ẹ má fi abẹ kàn mí o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, mo ti fojú rí ibi tó ya, síkáànù kọ́ ló máa sọ ìyẹn fún mi. Iṣan tó ń pa ibẹ̀ dé ni mo fẹ́ wò. Ẹ ti bímọ púpọ̀. Tó bá ti já níbi ọmọ bíbí, mi ò gbọdọ̀ tún gé e."

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ju ìka lọ. Wọ́n fi rọ́bà bò ó, wọ́n fi nǹkan tó ń yọ̀ pa á, wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n wá rọra tì í bọ ihò ìdí mi. Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ìgbẹ́ tí mo yà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn dùn mí jù ú lọ.

Dókítà yí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí mi. Iṣan náà rí róbótó bí òṣùká. Níwájú, ó ti já. Àwọn bàbá àti ìyá yín tí mo fi ń yangàn ló já a láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì mọ̀. Ká ní wọ́n tún gé ẹ̀yìn kún un ńkọ́? Wọ́n gbé abẹ tì. Ìpara tó ń dẹ iṣan ni wọ́n fún mi, mò ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mò ń jẹ ẹ̀fọ́, mò ń mu omi. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jinná.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà yẹn, ẹni tó fẹ́ mọ̀ ò rí ohun tó máa fi mọ̀. Lónìí, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ wà nílẹ̀, ìtìjú ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Ìtìjú wo? Ṣé dókítà ò ní fùrọ̀ ni?

Èmi ni màá tẹ̀lé ọ lọ, Múínátù, ọmọ á wà lẹ́yìn mi. Ọ̀pọ̀ ìrun ló ṣì wà lọ́rùn rẹ tó o máa kí láàárín èèyàn. Àárọ̀ la ó jáde.